Kí Aláìsàn Ilé Má Dúró De Àṣẹ Wa

Nínú ìròyìn ẹbí tí ìwé wa yìí ń gbé jáde, ayọ̀ ìbímọ wà níbẹ̀, òkú náà wà níbẹ̀. Àwọn ikú kan wà tí kì bá tí ṣẹlẹ̀ bí a bá tètè gbé aláìsàn dé ibi tó yẹ. Báwo ni àwọn ará wa ní abúlé ṣe ń yan ibi tí wọn yóò gbé e lọ?

Bí ara ọmọ bá gbóná, àgbo ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Bí kò bá rọ̀, wọ́n a lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀pọ̀ ń rántí ọsibítù. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló fà á. Oníkẹ́míìsì wà nítòsí, ó ń ṣílẹ̀kùn lóru, ó sì lè ta oògùn láwìn. Ọsibítù ńkọ́? Ọ̀nà jìn, owó ọ̀kadà wọ́n, àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn sì ń jágbe mọ́ni. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Láàárín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital, Iléṣà, ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Káàdì tí a ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, ọwọ́ ìyá ni a fi í sí. Ikú ọmọdé dínkù gidigidi níbẹ̀, nítorí ìtọ́jú súnmọ́ ilé, a sì fọkàn tán ìyá.

Ní 1994, Thaddeus àti Maine kọ̀wé lórí ikú aboyún, wọ́n ka ìdádúró mẹ́ta: kí a tó pinnu, kí a tó dé ọsibítù, àti kí a tó rí ìtọ́jú níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kan àwa tí a wà ní Port Harcourt. Ọ̀pọ̀ ìyàwó nílé kì í gbé ẹsẹ̀ láìgbọ́ ohùn ọkọ. Baba wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù rẹ̀ ti kú, ilẹ̀ a sì ṣú. Àwa tí ń ṣiṣẹ́ rélùwéè mọ̀ pé ọkọ̀ tó ti fọn fèrè kì í dúró de ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn nísinsìnyí tí ara wọn le: bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, kí wọ́n má bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọsibítù ni. Kí olúkúlùkù wa fi owó díẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé nílé, kí a sì mọ ọlọ́kọ̀ tó lè gbé wọn lóru.

Owó ìsìnkú kì í pẹ́ kó tó délé. Ẹ jẹ́ kí owó ìtọ́jú ṣáájú rẹ̀. Ọlọ́run yóò pa ilé mọ́ dè wá, yóò sì pa àwa náà mọ́ de ilé.