Sójà Ìdúmọ̀tà àti Aláàárù Tó Dúró Tì Í



Àwọn òbí wa tó dàgbà sí Èkó mọ Sójà Ìdúmọ̀tà dáadáa. Ère ìrántí ogun ni. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò pé, torí èèyàn méjì ni ère náà: sójà kan àti aláàárù kan.

Kí ni aláàárù ń wá lójú ogun? Ní 1914, Jámánì ló ń ṣàkóso Kamẹrúùnù, Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣàkóso wa. Bí wọ́n ṣe kọjú ìjà síra wọn ní Yúróòpù, ìjà dé ẹnu ibodè wa. Wọ́n jà ní Kamẹrúùnù títí di 1916. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn sójà wa lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí Tanzania wà lónìí. Ọ̀nà mọ́tò ò tó nǹkan níbẹ̀, irú eṣinṣin kan sì wà tó ń kó àrùn ran ẹṣin títí á fi kú. Orí èèyàn ni wọ́n wá fi ń ru ọta, oúnjẹ àti oògùn. Sójà tí ọta rẹ̀ bá tán, kí ló fẹ́ fi jà? Ebi, òjò àti àìsàn pa ọ̀pọ̀ aláàárù, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbé ìbọn. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Bọ́mà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ láti bá Japan jà. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun, ọjọ́ orí àwa SS2 gan-an. Ìtọ́jú aláìsàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1944, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn ará abúlé tí kò mọ̀ rí ló fi í pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń bọ́ ọ, kí ó tó rí ọ̀nà padà sílé.

Tẹ́lẹ̀, 11 oṣù Kọkànlá la máa ń ṣèrántí àwọn ológun. A wá gbé e sí 15 oṣù Kìíní, torí ọjọ́ yẹn ní 1970 ni ogun abẹ́lé wa parí. Ère méjèèjì ò sí ní Ìdúmọ̀tà mọ́, Àbújá ni wọ́n wà báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè: ta ló lọ sógun nínú ẹbí wa, ta ló ru ẹrù? Ẹ kọ orúkọ wọn wá fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn. A máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí.