Balùwẹ̀ Ńlá ní Third Ward: Abẹ́ Ilé Ni Iṣẹ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé pákó àtijọ́ tó wà ní Third Ward, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Houston, ni wọn kò kọ́ balùwẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Shotgun ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilé tóóró ni: yàrá iwájú já sí èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà já sí ilé ìdáná, débi pé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú lè máa wo ẹ̀yìnkùlé gbọọrọ. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń wà, inú ọpọ́n ni wọ́n sì ti ń wẹ̀. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, wọ́n lẹ yàrá kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó di balùwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ àṣà ìbílẹ̀ kan, John Michael Vlach, tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti New Orleans dé Haiti, ó sì gbà pé ilé oníyàrá méjì ti ilẹ̀ Yorùbá wà lára ohun tó bí i. John Biggers, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Texas Southern University tó wà ní Third Ward gan-an, rìnrìn àjò dé Nàìjíríà ní 1957. Ní 1966 ó ya àwọn ilé shotgun àdúgbò náà sínú àwòrán. Ní 1993, Rick Lowe àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ Project Row Houses sílẹ̀, wọ́n sì tún ilé shotgun 22 ṣe ní òpópó Holman, kí wọ́n má baà wó wọn.

Lónìí, ilẹ̀ ti wọ́n ní Third Ward. Ẹni tó ra ilé àtijọ́ síbẹ̀, tàbí tó jogún rẹ̀, máa ń fẹ́ balùwẹ̀ ńlá tó wọ inú yàrá onílé: ṣáwà onígíláàsì tí omi ń rọ̀ láti òkè bí òjò, àti ọpọ́n ìwẹ̀ tó dá dúró láàárín yàrá. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ilé ìtajà táìlì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, nígbà tí ohun tó máa pinnu bóyá balùwẹ̀ náà á pẹ́ kò sí lójú táìlì rárá. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, àti ẹ̀yìn ògiri.

Ẹ jẹ́ ká mú ọpọ́n ìwẹ̀. Èyí tó gba gálọ́ọ̀nù omi 60 ti gba nǹkan bíi lítà 227 nìyẹn, lítà kan sì wúwo tó kílò kan. Bí ọpọ́n náà bá jẹ́ irin tí wọ́n dà, òun fúnra rẹ̀ lè tó kílò 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni tó wọn kílò 80 wá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ń lọ sí nǹkan bíi kílò 450, lórí ààyè tí kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ níbùú lóròó. Ìwọ̀n tí wọ́n sì sábà máa ń ṣírò fún ilẹ̀ yàrá lásán ní Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bíi kílò 195 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ilé tí igi abẹ́ rẹ̀ ti ń gba ọ̀rinrin Houston láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè rù ú bẹ́ẹ̀. Káfíńtà gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ilé, kó gún igi wò bóyá ó ti jẹrà tàbí ikán ti jẹ ẹ́, kó fi igi tuntun kún un, kó sì gbé òpó sí i lábẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìnáwó yẹn lè ra ọpọ́n acrylic, tó fúyẹ́ ju irin lọ dáadáa.

Àǹfààní ńlá kan wà fún ilé tó dúró lórí òpó, bí àwọn ilé shotgun: púlọ́ńbà lè rá wọ abẹ́ rẹ̀, kó yí páìpù padà láìfọ́ nǹkan kan. Ilé tó jókòó sórí kọ́ńkéré kò rí bẹ́ẹ̀. Bí onílé bá fẹ́ kí ṣáwà kúrò ní igun kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á fọ́ ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ amọ̀ Houston náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ: ó máa ń wú bí òjò bá rọ̀, ó máa ń súnkì bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ó sì ń mi ilé àti páìpù pọ̀. Páìpù tí omi ń gbà jáde nínú ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ íńṣì kan ààbọ̀. Ṣáwà nílò íńṣì méjì. Ẹni tó bá kàn yọ ọpọ́n, tó gbé ṣáwà sípò rẹ̀, tí kò yí páìpù yẹn padà, omi á máa dúró sí i lẹ́sẹ̀.

Láti February 2021 ni àwọn ará Houston ti mọ ohun tí òtútù lè ṣe. Ìjì dídì dé Texas, iná lọ, páìpù sì bẹ́ nínú ilé lóríṣìíríṣìí. Abẹ́ ilé tó ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ni páìpù ti máa ń tètè dì. Owó kékeré ni aṣọ ìbòrí páìpù ń gbà, bí púlọ́ńbà bá ti wà lábẹ́ ilé, kó wé e.

Nípa omi gbígbóná, ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú. Láti àwọn ọdún 1990 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ti fẹ́ kí orí ṣáwà kan tú ju gálọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Orí ṣáwà méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ gálọ́ọ̀nù 50. Táǹkì omi gbígbóná tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kò ju gálọ́ọ̀nù 40 lọ, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jáde ní gbígbóná. Onílé tó ra ọpọ́n ńlá láìpààrọ̀ táǹkì á máa wọ omi tó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí ọpọ́n kò tíì kún tán.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn Yorùbá Houston ní láti bi ara wọn kí wọ́n tó yàwòrán: báwo la ṣe ń wẹ̀ nílé wa? Bí ìyá bá ti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ tuntun, orí àpótí ló máa jókòó sí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á sì tẹ́ ọmọ sórí wọn. Ọpọ́n olówó ńlá kò wúlò fún un. Ṣáwà tó fẹ̀, tí kò ní ìdènà lẹ́nu ọ̀nà, tí ìjókòó wà nínú rẹ̀, tí orí ṣáwà alọ́wọ́-mú sì wà nítòsí, ló bá a mu. Ṣáwà yẹn kan náà ló máa gba bàbá tí orúnkún ń dùn ún. Kí wọ́n kan pákó líle mọ́ ẹ̀yìn ògiri nígbà tí ògiri ṣì ṣí sílẹ̀, kí irin ìdìmú lè rí ibi dúró sí lọ́jọ́ iwájú. Bí ààyè kò bá gba ọpọ́n ìwẹ̀ àti ṣáwà pọ̀, ṣáwà ló yẹ kó borí.

Táìlì kì í dá omi dúró. Omi máa ń gba àárín rẹ̀ wọlé. Ìbòrí tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ló ń dáàbò bo ilé. Ilẹ̀ ṣáwà gbọ́dọ̀ dà sí ojú ihò, ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ́ ìbòrí, tí táìlì kò tíì dé, kí wọ́n dí ihò náà, kí wọ́n da omi sí i, kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá dínkù, ó ń jò nìyẹn. Fáànù tó ń fa ooru jáde gbọ́dọ̀ tú u sí ìta gbangba, kì í ṣe sínú àjà, nítorí ooru omi tó bá há sínú àjà ní Houston á mú kí pákó bu.

Ẹni tó bá máa yí páìpù tàbí wáyà padà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ní Houston Permitting Center, púlọ́ńbà tó bá sì gbé iṣẹ́ páìpù fún gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ Texas State Board of Plumbing Examiners. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 lè ní òjé nínú ọ̀dà rẹ̀. Láti 2010 ni òfin ti pọn ọ́n dandan pé kí agbaṣẹ́ṣe tó máa ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, nítorí náà kí ọmọ kankan má sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fọ́ ògiri.

Aṣàyẹ̀wò ìlú gbọ́dọ̀ rí páìpù kí wọ́n tó fi ògiri bò ó. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí onílé fi téèpù wọn ibi tí páìpù àti pákó ìdìmú wà, kó ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan, kó sì fi wọ́n pamọ́ pẹ̀lú ìwé ilé.