Bí a kò bá rí àdán: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó to kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn oníbàárà kì í pẹ́ẹ́ pé jọ síwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà ní Mowe, Ibafo àti Ifọ. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ẹ́ tẹ iṣẹ́ tí wọ́n fún un nílé ìwé, ẹni tó ra ilẹ̀ fẹ́ẹ́ tẹ ìwé àdéhùn, ẹlòmíì fọ́tòkọ́pì lásán ló bá wá. Bí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ bá kọ̀ tí kò tàn lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù kejì ló máa kówó wọn.

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ti ń gbó, owó tuntun ò sì ṣeé sún mọ́. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi 470 náírà lọ́jà ìjọba kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 náírà nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024. Microsoft náà tún dá kún un, wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìyẹn ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, kí wọ́n lè ra ẹ̀yà lọ́kọ̀ọ̀kan, tòkunbọ̀ pẹ̀lú tuntun, kí wọ́n sì tò ó pọ̀. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n òòbẹ̀ pé oríṣiríṣi.

Ẹ jẹ́ ká mú processor. Níbẹ̀, wọ́n lè rẹ́ èèyàn jẹ láìpa irọ́ kankan. Ẹni tó ń tà á á ní i5 ni, i5 náà ni lóòótọ́. Nọ́mbà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. i5-4570 jẹ́ ìran kẹrin, ọdún 2013 ló jáde. i3-8100 jẹ́ ìran kẹjọ, ọdún 2017 ló jáde. i3 yìí yára ju i5 yẹn lọ, Microsoft sì fọwọ́ sí i fún Windows 11. Wọn ò fọwọ́ sí i5 yẹn. Ẹ tún ṣọ́ lẹ́tà F. i5-10400F sábà máa ń dínwó ju i5-10400 lọ, àmọ́ kò ní ohun tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀, ẹ ó tún ra káàdì mìíràn tì í. Níti AMD, Ryzen 5 5600G ní tirẹ̀ nínú, 5600 tí kò ní G kò ní in.

RAM ti di wúrà. Láti ìparí ọdún 2025 ni owó rẹ̀ ti gbéra, torí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe AI ń rà á bí ẹni tó ń ra gúgúrú. Lóṣù kejìlá ọdún náà ni Micron kéde pé àwọn máa pa ọjà Crucial tí àwa mẹ̀kúnnù ń rà tì. DDR3 ṣì dínwó, àmọ́ àwọn bọ́ọ̀dù tó ń lò ó ti gbó ju ohun tí Windows 11 ń fẹ́ lọ. DDR4 ò sì lè wọ ojú ihò DDR3. Fún ìwé títẹ̀, ẹyọ kan tó jẹ́ 8GB tó, kí ẹ fi ojú ihò kejì sílẹ̀ di ọjọ́ tówó bá dé.

Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni agbára yín ká, SSD ni kó jẹ́. Kọ̀ǹpútà tó ti ń rá pálá nítorí hard disk àtijọ́ á ta kébé.

Power pack ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ni iná ìjọba máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ayédèrú máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́, kódà bí wọ́n bá kọ 500 watt sí i lára. Ẹni tó bá sì ra HP tàbí Dell tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnu wáyà ọ̀pọ̀ nínú wọn yàtọ̀, ti gbogboogbò kò lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà náà ni kí ẹ ti béèrè bóyá ẹ lè rí irú rẹ̀ rà lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù náà ńkọ́? Lítà tí kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2023 fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà kékeré bíi ThinkCentre Tiny tàbí OptiPlex Micro fi dára fún ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà. 35 watt ni wọ́n kọ sára i5-8500T tó máa ń wà nínú wọn, nígbà tí i5-8500 jẹ́ 65. Àbùkù wọn ni pé RAM láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń lò, ààyè àfikún ò sì pọ̀ nínú wọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tàn án, kí ẹ fi ojú ara yín ka orúkọ processor àti iye RAM lójú mọ́nítọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́mbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sínú rìsíìtì, torí owó ọkọ̀ láti Ifọ dé Ìkẹjà lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe kékeré.