Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Ọ̀bẹ Igbó Olówó Pọ́ọ́kú Wò

Ọ̀bẹ tí àwọn tó ń lọ pàgọ́ sínú igbó ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń so mọ́ ìbàdí kì í ká bọ inú èèkù. Ojú rẹ̀ dúró gbọnin, ó sì ní àkọ̀ tirẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ igi, òun ni wọ́n fi ń la igi ìdáná, òun náà ni wọ́n fi ń ha ẹja tí wọ́n sì fi ń gé okùn àgọ́. Bó bá dá sí wọn lọ́wọ́, kò sí ọjà nítòsí tí wọ́n ti máa ra òmíràn. Nítorí náà ni àwọn olùrà ṣe máa ń fẹ́ mọ ohun tí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ lè fara dà kí wọ́n tó gbé e lọ, pàápàá bí owó rẹ̀ bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn kò fi balẹ̀.

Nínú àwọn ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí, òkìkí ti ìlú Mora ní orílẹ̀-èdè Swídìn ló kàn jù. Ní abúlé Östnor lẹ́bàá ìlú náà ni Frost-Erik Erson ti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1891. Ilé iṣẹ́ KJ Eriksson dé ní 1912, àwọn méjèèjì sì da pọ̀ ní 2005. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Morakniv lónìí. Ọ̀bẹ wọn tó wọ́pọ̀ jù ni Companion, tí iye rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 20 dọ́là. Ojú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 àti díẹ̀, èèkù rẹ̀ jẹ́ ike tí wọ́n fi rọ́bà bò. Èyí tí wọ́n fi irin tí kì í tètè dípẹtà ṣe nípọn tó mílímítà 2.5, èyí tí wọ́n sì pè ní Heavy Duty nípọn tó 3.2. Ìrù irin tó wọnú èèkù kò gùn dé ìdí èèkù, ohun tó sì ń fa awuyewuye jù nípa ọ̀bẹ náà nìyẹn.

Kí ènìyàn tó lè dá ọ̀bẹ lẹ́jọ́, ó ní láti mọ̀ pé líle àti àìdá kì í fẹ́ gbé ilé kan. Alágbẹ̀dẹ tó bá mú irin láti inú iná tó rì í sínú omi tàbí epo ti mú un le, àmọ́ bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa fọ́ bí àwo. Ó gbọ́dọ̀ tún un yan díẹ̀ kí ó lè padà ní àmúmọ́ra. Bí ó bá yan án jù, ọ̀bẹ kò ní dá mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yóò máa kú kíákíá. Ilé iṣẹ́ ńlá náà ń ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń wọn líle irin pẹ̀lú ẹ̀rọ Rockwell, tí wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1919: ẹ̀rọ náà á fi ṣóńṣó dáyámọ́ńdì tẹ irin pẹ̀lú agbára tó tó ìwọ̀n kílò 150, á sì wo bó ṣe jìn wọlé sí. Ọ̀bẹ Mora máa ń bọ́ sí nǹkan bí 56 sí 58 lórí òṣùwọ̀n yìí. Ìwọ̀n àárín ni. Ó le tó láti di ẹnu mú, ó sì rọ̀ tó kí ẹni tó ni ín lè fi òkúta lásán pọ́n ọn.

Ìdánwò gidi kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀. Olùdánwò á kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ sójú ìmọ́lẹ̀, á fi ojú kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ṣóńṣó bóyá ó tọ́. Á mi èèkù, á sì wo ibi tí irin ti wọnú ike bóyá àlàfo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà á pọ́n ọn díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kan ẹnu ọ̀bẹ kẹ́yìn nílé iṣẹ́ lè ti mú etí rẹ̀ gbóná jù. Àìmọye ọ̀bẹ ni wọ́n ti pè ní aláìníláárí nítorí etí tín-ínrín tí ìpọ́n kan péré ì bá ti gé kúrò.

Lẹ́yìn èyí ló kan bí ẹnu ọ̀bẹ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó kú. Ìdánwò tí àwọn onímọ̀ tẹ́wọ́ gbà wà nínú ìlànà àgbáyé ISO 8442-5, tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ ilé ìwádìí CATRA ní ìlú Sheffield fún. Ẹ̀rọ náà á mú ọ̀bẹ lọ, á mú un bọ̀ lórí ìdì páálí tí wọ́n po iyanrìn wẹ́wẹ́ mọ́, láì yí agbára tàbí ìyára padà, á sì ka iye páálí tó gé. Nílé, ènìyàn lè fi páálí tàbí okùn nínípọn ṣe é. Ohun tó ń ba ti ilé jẹ́ ni ọwọ́: bí ọ̀bẹ ṣe ń kú ni ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́ sí i láìmọ̀. Bí olùdánwò bá gbé okùn sórí ìwọ̀n ilé ìdáná kó tó gé e, yóò rí iye agbára tí gígé kọ̀ọ̀kan gbà. Ìgbà tí iye yẹn bá di ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ dára láti fi ṣe ààlà.

Páálí kò lè sọ ohun tí igi máa sọ. Igi gbígbẹ tó le, tó sì ní kókó, ni kí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n wá yí ẹnu ọ̀bẹ sókè lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹnu tó mú kì í dán. Kò ní fífẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ lè bà lé. Ibi tí ó bá ti ń kọ mànà, ó ti kú níbẹ̀ tàbí ó ti ká sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá ká, irin rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Bí ó bá ṣẹ́ tó sì ní eyín, a jẹ́ pé ó le jù tàbí wọ́n pọ́n ọn tín-ínrín jù. Ọ̀bẹ Mora máa ń ní ìhà pẹrẹsẹ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó lọ tààrà dé ẹnu, tí igun méjèèjì pa pọ̀ tó nǹkan bí 25 dígírì. Ó dùn ún fi gbẹ́ igi gan-an, àmọ́ etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kókó igi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lílu ọ̀bẹ la igi ni ìdánwò tí gbogbo ayé ń wò, òun náà ló sì ń pa ọ̀bẹ jù. Wọ́n á gbé ẹnu ọ̀bẹ lé orí ìtì kékeré, wọ́n á fi kùmọ̀ igi lu ẹ̀yìn rẹ̀ títí á fi wọlé, lẹ́yìn náà wọ́n á máa lu ṣóńṣó tó yọ sí òdìkejì. Ìtì náà kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ojú ọ̀bẹ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní sí ṣóńṣó tí wọ́n máa lù. Wọn kì í fi irin lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ rárá. Kùmọ̀ igi ni. Gbogbo ìgbà tí kùmọ̀ bá bà lé ṣóńṣó, ọwọ́ tó di èèkù mú ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ọrùn ọ̀bẹ ló sì wà láàrin agbára méjèèjì. Níbẹ̀ náà ni ojú tó fẹ̀ ti di ìrù tó tín-ínrín. Bí igun ibẹ̀ bá gé ṣáká dípò kó rọra tẹ̀ kọrọdọ, gbogbo wàhálà á kó jọ sójú kan, ibẹ̀ ni sísán á sì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ìlù díẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dúró, kí wọ́n nu ọrùn ọ̀bẹ, kí wọ́n sì wò ó dáadáa. Kí wọ́n fi ìka lu èèkù pẹ̀lú: ìró tó yí padà ń sọ pé ike ti ń tú kúrò lára irin.

Nínípọn ló ń ṣe ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù níbí, kì í sì í pọ̀ sí i bí ojú ṣe rí i. Agbára tí pátákó irin fi ń kọ̀ láti tẹ̀ ń lọ pẹ̀lú nínípọn × nínípọn × nínípọn rẹ̀. Láti 2.5 sí 3.2 kò ju mílímítà kan tí kò pé lọ, síbẹ̀ ó sọ ọ̀bẹ di èyí tó le ní títẹ̀ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Ẹni tó ra èyí tó nípọn yóò sì san án padà nígbà tó bá ń bó iṣu tàbí tó ń gé ẹran: ọ̀bẹ náà á máa fa ohun tó ń gé ya.

Lẹ́yìn ìlù ló kan títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mors Kochanski, olùkọ́ ìmọ̀ igbó ní Kánádà tó gbajúmọ̀ nígbà ayé rẹ̀, fẹ́ kí ọ̀bẹ igbó lè wọ ara igi, kí èèkù rẹ̀ sì gba ìwọ̀n ènìyàn. Ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní Amẹ́ríkà, American Bladesmith Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀bẹ tí ọmọ iṣẹ́ bá mú wá fún ìdánwò gbọ́dọ̀ gé okùn tó rọ̀ sílẹ̀, kó gé igi pátákó já, kó ṣì fá irun, kí wọ́n tó dì í sínú fáìsì kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dé 90 dígírì. Àmọ́ ọ̀bẹ yẹn ti gba yíyan tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Kò bójú mu láti fi ìlànà yẹn dá ọ̀bẹ ilé iṣẹ́ tí gbogbo ara rẹ̀ le bákan náà lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá fi ṣóńṣó rẹ̀ wúlẹ̀ yọ igi jíjẹrà, tó sì padà tọ́ lẹ́yìn títẹ̀ díẹ̀, ó ti ṣe dáadáa. Òtútù tó le gan-an ń mú kí irin tètè dá, nítorí náà àbájáde ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè ṣojú fún ti ìgbà yìnyín. Nínú gbogbo èyí, kí olùdánwò wọ awò ìbòjú àti ìbọ̀wọ́, nítorí àfọ́kù irin kì í kìlọ̀.

Ìpẹtà kì í pariwo, ṣùgbọ́n òun ló máa ń jẹ ọ̀bẹ tí kò dá. Mora ń ta oríṣi méjì. Irin lásán tó ní carbon bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rọrùn láti pọ́n, ó sì máa ń dógùn-ún lóru ọjọ́ kan bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ tútù. Irin 12C27 ní chromium tó ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ń bo ojú rẹ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ àti omi. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n fọ́n omi iyọ̀ sí méjèèjì, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ di òwúrọ̀. Kí wọ́n yẹ ọrùn ọ̀bẹ wò dáadáa, nítorí omi tó bá wọ abẹ́ èèkù kì í tètè gbẹ. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń sọ irin lásán di eérú-eérú. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe àìsàn, ó tilẹ̀ ń dín ìpẹtà kù díẹ̀.

Iná náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ike èèkù kò ní ìfaradà lẹ́bàá ẹ̀yinná, irin tó bá sì gbóná títí tó fi di búlúù ti pàdánù líle rẹ̀ níbẹ̀, ìpọ́n kò sì lè dá a padà. Ní ti àkọ̀, òwe ní ọ̀bẹ ló ń wó ilé ara rẹ̀ tó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àkọ̀ ike máa ń gbẹ̀san, nítorí iyanrìn tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á máa ha ojú ọ̀bẹ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń tì í bọ̀ ọ́.

Ọ̀bẹ kan tó dá kò tó ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé irin náà ní àbùkù láti ilé iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé kùmọ̀ lù ú ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀bẹ méjì tàbí mẹ́ta láti ibi ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn jù, kí wọ́n sì máa kọ irú igi, fífẹ̀ rẹ̀ àti iye ìlù sílẹ̀. Kí ẹni tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdánwò rẹ̀ nínú ọgbà ara rẹ̀: òfin ọdún 1988 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé ọ̀bẹ tí kì í ká káàkiri ní gbangba láìní ìdí tó gún régé.

Nígbà tí wọ́n bá wá ń dá ẹjọ́, ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ká níbi kókó igi, tí òkúta ìpọ́nbẹ sì mú un bọ̀ sípò, kò tíì kùnà. Èyí tí èèkù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì ti kùnà, bó ti wù kó mú tó, nítorí kò sí àtúnṣe tí ènìyàn lè ṣe sí i nínú igbó.