Ohun Tí A Lè Fi Bo Ebè Dípò Ọ̀rá

Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn a máa se èèbù pa sínú ebè, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ iṣu fi ń fi koríko gbígbẹ dé ebè lórí kí òjò tó dé. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń gé iṣu wẹ́wẹ́ fún èèbù, ọ̀rá wà lára ohun tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀. Ọ̀rá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́: ó ń dí èpò lọ́wọ́, kì í sì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ tètè gbẹ. Ẹ̀yìn ìkórè ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí oòrùn bá ti jó á máa fàya lọ́wọ́ ẹni tó ń ká a, àjákù rẹ̀ á sì bá ọkọ́ wọlẹ̀. Ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń lò ó jù lágbàáyé, àjákù yìí pọ̀ nínú ilẹ̀ débi pé ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 pé ọ̀rá oko kò gbọ̀dọ̀ fẹ́lẹ́ ju 0.01 mìlímítà lọ, kó lè ṣeé kó kúrò.

Ọ̀rá mìíràn wà tó ń jẹrà, tí wọ́n ń fi sítáàṣì àgbàdo àti àwọn èròjà mìíràn ṣe. A kì í ká a, ńṣe la ó ro ó mọ́lẹ̀. Ìlànà EN 17033 ti Yúróòpù, tó jáde ní 2018, ní kí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti jẹrà láàárín ọdún méjì nínú erùpẹ̀ tí wọ́n fi dán an wò. (Ọ̀tọ̀ ni èyí tó kàn ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí Yúróòpù fòfin dè ní 2019.) Àmọ́ ó wọ́n ju ọ̀rá lásán lọ, epo rọ̀bì sì tún wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń gbin tòmátì fún ọjà ńlá ló yẹ. Oko iṣu ní ohun tó sàn jù ú lọ nítòsí.

Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní IITA ní àwọn ọdún 1970, fi hàn pé tí a bá da pòròpórò àti koríko tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà sórí hẹ́kítà kan, ọ̀gbàrá kò ní rí erùpẹ̀ wọ́ lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ikán á jẹ ẹ́ tán. Ikán ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, pàápàá lágbègbè ọ̀dàn, ṣùgbọ́n ihò tó ń lu náà ni òjò ń gbà wọlẹ̀. Àtakò tó lágbára jù ú lọ ni pé koríko gbígbẹ, bó ṣe ń jẹrà, ń gba náítírójìn mọ́ irúgbìn lọ́wọ́. Ewé tútù ló ń tún un ṣe: agúnmániyè, tàbí ewé Akíntọlá tí a gé kó tó yọ òdòdó.

Ti òógùn ńkọ́? Kíkó tọ́ọ̀nù mẹ́rin jọ kì í ṣe eré, owó lébìrà sì ti gbẹ́nu sókè. Ibẹ̀ ni ẹ̀gúsí ti wúlò. Tí a bá gbìn ín sáàárín ebè lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìtàkùn rẹ̀ á ti bo ilẹ̀, èpò kò ní rí oòrùn, a ó sì kórè rẹ̀ tà kí iṣu tó ta. Orí ebè nìkan ló wá kù tí a ó wá koríko fún.