Àká Ọtí Nínú Ilé Ẹni ní Agbègbè Ìyànà Ìbà

Kò sí ìnáwó kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọtí kì í dé. Níbi ìgbéyàwó, níbi ìkómọjáde, níbi ìwúyè àti níbi òkú àgbà, ọtí ni a fi ń tọrọ, òun náà ni a sì fi ń dúpẹ́. Àwọn bàbá wa tilẹ̀ sọ fún wa pé nígbà tí Olódùmarè rán Ọbàtálá láti wá dá ilẹ̀ ayé, ẹmu ni ó mu yó tí oorun fi gbé e lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe, àti pé ìdí nìyí tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn tí ń sìn ín títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ọtí ti pẹ́ tó lọ́wọ́ wa yìí, mímu rẹ̀ ni a mọ̀ dáadáa. Ìpamọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wá lógún.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ìyànà Ìbà, tàbí ní Òkokomáìkò, tàbí ní ìlú Ọ̀jọ́ gan-an, kò ní ṣàì ti rí irú èyí rí. Ìyá kan ra páálí wáìnì méjì sílẹ̀ de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó gbé wọn sí orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá tí páànù bò, ó sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Ọdún méjì kọjá, ọjọ́ pé, àlejò jókòó, a ṣí ìgò: èyí tí ó yẹ kí ó funfun ti pọ́n, ó ń rùn bí èso tí a sè, òmíràn sì ti di ọtí kíkan pátápátá. Owó ti lọ, ojú sì ti ti ẹni tí ó pe àlejò. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí a ti lè ṣe àká ọtí sínú ilé ní agbègbè yìí, àti ìdí rẹ̀ tí a kò fi lè ṣe é gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Faransé ti ń ṣe é.

Kí a tó tún yàrá ṣe de àlejò, ó yẹ kí a mọ irú àlejò tí ń bọ̀. Ṣínáàpù, jíìnì àti ògógóró kò fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀. Agbára ọtí inú wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò kankan kò lè gbé inú wọn. Kí a dé ìgò wọn dáadáa, kí a gbé e dúró ní òòró, kí oòrùn má pa á, ó parí. A kò gbọdọ̀ dá wọn dùbúlẹ̀, nítorí ọtí líle a máa jẹ kọ́ọ̀kì.

Ti ẹmu ni ó le. Láti Ọ̀jọ́ títí dé Àgbádárìgì ni igi ògùrọ̀ ń hù nínú irà àti létí ọ̀sà, ọ̀pẹ sì wà ní orí ilẹ̀ gbígbẹ. A lè dá ẹmu lára ọ̀pẹ kan náà léraléra, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń so ní ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Omi tí ń kán láti inú igi sínú akèrègbè kò ní ọtí kankan nínú. Ṣúgà ni ó kún inú rẹ̀. Ìwúkàrà tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, lára igi, àti nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tí ó kù sí ìsàlẹ̀ akèrègbè ni ó bọ́ sí i. Ìwúkàrà yìí a máa jẹ ṣúgà náà, a sì máa sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tí a ń rí bí ìfófòó. Nítorí náà akèrègbè tí adẹ́mu kò fọ̀ tán kì í ṣe ọ̀bùn lásán; irúgbìn ọtí ọ̀la ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yà ìwúkàrà tí ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, Saccharomyces cerevisiae, òun kan náà ni ó ń sọ omi àjàrà di wáìnì ní òkè òkun, tí ó sì ń mú kí búrẹ́dì wú ní ilé oníbúrẹ́dì.

Ibi tí ẹmu àti wáìnì ti yà lọ́nà ni pé ẹmu kì í dúró. Láàárọ̀ ó dùn bí oyin. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ní agbára ọtí bí ìpín 4 tàbí 5 nínú 100. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, kòkòrò àìfojúrí mìíràn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwúkàrà, wọ́n sì ń sọ ọtí náà di kíkan. Wáìnì àjàrà ní agbára bí ìpín 12 sí 14, ekan àdánidá sì wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó sì ń dáàbò bò ó. Ẹmu kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé e sínú fíríìjì, òtútù yóò fa ọwọ́ kòkòrò náà sẹ́yìn fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, kò ní dá a dúró. Bí a bá sì dé e pa sínú ìgò nígbà tí ó ṣì ń hó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò náà, kí ó sì ṣe ènìyàn ní jàǹbá.

Ọ̀nà kan tí ó dájú ni kí a fi iná pa àwọn kòkòrò náà. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe àlàyé èyí fún ayé. Ní 1863 ni ọba ilẹ̀ wọn, Napoleon Kẹta, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wádìí àìsàn tí ń ba wáìnì wọn jẹ́. Ní 1866 ni ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Ó fi hàn pé bí a bá mú wáìnì gbóná díẹ̀, láìjẹ́ kí ó hó, àwọn kòkòrò búburú inú rẹ̀ yóò kú. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́bàá Benin, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ti lo ọgbọ́n yìí láti rọ ẹmu sínú ìgò. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò nínú ilé, kí ó fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹmu òwúrọ̀, kí ó rọ ọ́ sínú ìgò tí ó nípọn, kí ó má kún dé ẹnu, kí ó dé e. Kí ó tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ó to ìgò sí i, kí ó bu omi tútù yí wọn ká, kí ó wá dáná díẹ̀díẹ̀ títí omi náà yóò fi gbóná tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ó mú un dúró níbẹ̀ fún ohun tí ó ju ìdajì wákàtí lọ díẹ̀, kí ìkòkò wà ní dídé ní gbogbo àkókò náà nítorí ìgò tí ó lè fọ́, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù fúnra rẹ̀. Ẹmu bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan. Èmi kò ní tan òǹkàwé jẹ: ẹni tí ó mọ ẹmu ní ìdí ọ̀pẹ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èyí ti kú. Adùn rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n híhó rẹ̀ kò sí mọ́. Bí àlejò bá ń bọ̀ lónìí, ẹmu òní ni kí a rà.

Wáìnì àjàrà ni a ń kọ́ àká fún nítòótọ́. Ohun tí ó ń fẹ́ kò pọ̀: òtútù bí ìwọ̀n 12 tàbí 13 tí kì í yí padà, òkùnkùn, ìdákẹ́jẹ́, àti ọ̀rinrin tí ó mọ níwọ̀n. Bí ooru bá pọ̀, gbogbo àyípadà inú ìgò ni yóò máa yára. Wáìnì yóò gbó kí ó tó dàgbà. Bí ooru bá sì ń lọ tí ó ń bọ̀, ọtí náà yóò máa wú, yóò máa sún kì, yóò máa ti kọ́ọ̀kì síta, yóò sì máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ yìí ni ọtà rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń dá ìgò tí ó ní kọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀, kí ọtí lè máa rin kọ́ọ̀kì náà, kí ó má baà gbẹ.

Àwọn ará Faransé a máa gbẹ́ àjà-ilẹ̀ fún wáìnì wọn. Ní ìlú Reims, àwọn àjà-ilẹ̀ tí a gbẹ́ sínú òkúta ẹfun wà, tí ooru inú wọn kò ju ìwọ̀n 10 sí 12 lọ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ẹlòmíràn ní Ìyànà Ìbà lè wí pé òun pẹ̀lú yóò gbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ kànga ní Ọ̀jọ́ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí omi kò jìnnà ní ilẹ̀ àwọn Àwórì. Àjà-ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò di kànga kí òjò ọdún kan tó tán. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ilẹ̀ náà gbẹ, kò ní sí èrè níbẹ̀. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ jìn, ooru tí a óò bá níbẹ̀ ni ìdọ́gba ooru gbogbo ọdún ní ìlú náà. Ti Reims kéré. Ti Èkó tó ìwọ̀n 27. Ilẹ̀ wa yóò fún wa ní ooru tí kì í yí padà, kò lè fún wa ní òtútù. Ọgbọ́n ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ọgbọ́n ihò.

Ọgbọ́n tiwa nkọ́? Àmù tí àwọn ìyá wa ń gbé sí kọ̀rọ̀ ilé a máa mú omi tutù, nítorí omi tí ń jáde lára rẹ̀ ń gba ooru lọ bí ó ti ń gbẹ. Mohammed Bah Abba lo ọgbọ́n yìí ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn pẹ̀lú yanrìn tútù láàárín wọn, kí ewébẹ̀ má baà tètè rà, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní 2000. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, àmù kì í sábà mú ooru lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 24. Ó dára fún omi mímu, kò tó fún wáìnì. Ẹ̀rọ nìkan ni ó kù, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ iná. Nítorí náà, ògiri ni kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí kí a tó ra ẹ̀rọ.

Yàrá tí ó yẹ ni èyí tí ó wà ní àárín ilé, ní ìsàlẹ̀ bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ògiri rẹ̀ kankan kò kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ a máa mú búlọ́ọ̀kù gbóná, búlọ́ọ̀kù a sì máa tú ooru náà sínú ilé títí di ọ̀gànjọ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn pàápàá lè ṣe é bí àwọn ọmọ ilé kò bá ń sáré lórí rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá ní fèrèsé, kí a dí i. Kí a wá fi fóòmù líle bo ògiri, àjà àti ìlẹ̀kùn, irú èyí tí àwọn tí ń kọ́ yàrá fún àwọn ẹlẹ́ja dídì ń lò, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ọ̀rá tí omi kò lè gbà kọjá gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀yìn fóòmù níhà ibi tí ó gbóná ni ó sì gbọ́dọ̀ wà. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ni ó ń ṣi èyí ṣe. Gẹ́gẹ́ bí omi ti ń sé sí ara ife tútù, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ṣe máa sé sínú fóòmù bí a bá fi ọ̀rá náà sí inú. Fóòmù tí ó rin kò sì wúlò mọ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù tí ó wọ́pọ̀ kì í lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 16, a sì máa fa ọ̀rinrin inú yàrá gbẹ. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó ra ẹ̀rọ tí a ṣe fún wáìnì. Ẹni tí kò bá ká, kí ó má banú jẹ́. Ìwọ̀n 18 tí ó dúró sàn ju 13 tí ń di 28 nígbàkígbà tí iná bá lọ. Kí a kún yàrá náà pẹ̀lú, nítorí ìgò tútù tí ó pọ̀ kì í tètè gbóná. Bí wáìnì kò bá tíì pọ̀, kí a fi ìgò omi dí àyè tí ó ṣófo. Bí iná bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìlẹ̀kùn.

Ìgò kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, nítorí náà ògiri tí ó gùn ní mítà 2 yóò gba ìgò 25 ní ìlà kan, pẹpẹ mẹ́wàá yóò sì gba 250. Irin ni kí a fi ṣe pẹpẹ náà, tàbí igi tí ikán kò lè jẹ, kí ti ìsàlẹ̀ pátápátá sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ nítorí àgbàrá. Kẹrosíìnì, ọ̀dà àti àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tí ìgò rẹ̀ kò bá ju mẹ́fà lọ kò ní ohun tí ó ń kọ́ yàrá sí. Fíríìjì kékeré tí a ṣe fún wáìnì tó o, ọjà Alábà kò sì jìnnà sí i.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìgbàgbé. Kí ohun ìwọ̀n ooru àti ti ọ̀rinrin wà lára ògiri, kí a máa kà wọ́n láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rinrin bí ìpín 60 sí 75 nínú 100 ni ó dára: bí ó bá kéré jù, kọ́ọ̀kì yóò sún kì, kí a gbé abọ́ yanrìn tútù sí ibẹ̀, bí ó bá pọ̀ jù, ìwé ara ìgò yóò bu. Kí a máa fọ asẹ́ ẹ̀rọ. Kí a kọ orúkọ ọtí kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí a rà á sínú ìwé, nítorí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wáìnì tí a ń tà ní ọjà wa ni a ṣe láti mu láàárín ọdún díẹ̀, kò sì sí àká tí yóò sọ wọ́n di ohun mìíràn. Lọ́dọọdún, kí a ṣí ìgò kan nínú páálí kọ̀ọ̀kan, kí a tọ́ ọ wò. Bí adùn rẹ̀ bá ti ń dín kù, kí a pe àwọn ọ̀rẹ́ kí a mu ìyókù tán. Ọmọ náà yóò rí òmíràn lò ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.