Ìwé Gígùn Nínú Wíńdò Kékeré

Ẹni tó bá ń fa àmì inú scrollbar sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà lè rò pé ìwé ló ń rìn. Ìwé kankan kò rìn. Lórí Windows, bí o bá di àmì náà mú, ẹ̀rọ kàn ń ta ètò lólobó ni, nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní WM_VSCROLL. Ètò fúnra rẹ̀ ló máa tún ojú wíńdò yà, láti ìlà mìíràn. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá fo iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ inú wíńdò kò ní mì. Àmì tí o fà wálẹ̀ pàápàá á padà síbi tó ti wá, ní kété tí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Ká ní ìwé náà ní ìlà 1,000, tí a kà láti 0 dé 999, tí wíńdò sì lè gba 40 lẹ́ẹ̀kan. Nínú SCROLLINFO, àkójọ nọ́ńbà tí ètò ń fún scrollbar, 0 ni nMin, 999 ni nMax, 40 ni nPage. nPos ni ìlà tó wà lókè pátápátá báyìí. nPage náà ló ń sọ bí àmì yóò ṣe gùn tó. Ibi tí nPos lè dé mọ ni 960, torí pé ìlà 40 tó kù ti kún wíńdò.

Ìgbà tí èèyàn bá fa etí wíńdò ni wàhálà ń dé. WM_SIZE, iṣẹ́ tó ń sọ pé ìwọ̀n wíńdò ti yí padà, á wọlé, ètò á sì fi gíga ìlà kan pín gíga àyè tuntun. Bí wíńdò bá ti wá gba ìlà 60, òpin nPos di 940. Bí òǹkàwé bá ti wà ní 960, SetScrollInfo, tí ètò fi ń fún scrollbar ní nọ́ńbà tuntun, á rọra dá nPos padà sí 940, láìkéde. Ètò tó ṣì di 960 mú lọ́wọ́ ara rẹ̀ á máa yà láti ibẹ̀, òfìfo ìlà 20 á sì hàn nísàlẹ̀. Lẹ́yìn SetScrollInfo, pe GetScrollInfo, kí o bi í léèrè ibi tó dúró sí.

Àwòrán tó ń bá fífẹ̀ wíńdò dàgbà tún le ju ìyẹn lọ. Ó ga jù, scrollbar yọ. Scrollbar gba àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán sún kì, ó wá gba wíńdò. Scrollbar wọlé, àwòrán tún fẹ̀, ó tún ga jù. WM_SIZE ń tẹ̀ lé WM_SIZE, ojú wíńdò ń gbọ̀n rìrì. Èmi kì í bá a jà: SIF_DISABLENOSCROLL ni mo máa ń lò, kí scrollbar dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo, kó kàn má ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ohun tó kù láti wò.